Ohun Tí A Sọ Lẹ́yìn Oore-ọ̀fẹ́

Enugu Road, Sabon Gari, Kano.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2025.

Tolúwalọpẹ́ ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́,

Bí o bá jókòó ka ìwé yìí, dìde dúró, nítorí akọ̀wé àgbà ló kọ ọ́ sí ọ. Láti ìgbà tí bàbá mi ti bá iṣẹ́ rélùwéè dé Kano, kò tíì sí akọ̀wé kan ní gbogbo Sabon Gari tó jókòó ní ìpàdé láàárọ̀, tí àkọsílẹ̀ ojú ewé méje sì jáde lọ́wọ́ rẹ̀ kí omi tíì tó hó, ní Gẹ̀ẹ́sì tó ń dán bíi bàtà ọjọ́ Ìsinmi. Ọ̀gá Bartholomew tó ni ilé ìtẹ̀wé wa kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún kà á.

"Papa," ó ní, "na you write this thing?"

Mo ní, "Na me."

Ó dáa, má tíì pàtẹ́wọ́. Ojú ewé méjì ni, èkejì kò sì kún. Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́. Akọ̀wé inú fóònù tí o fi ránṣẹ́ ló kọ ọ́, ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá yẹn. Èmi kàn gbé fóònù sórí tábìlì, mo tẹ bọ́tìnnì pupa, mo fara ti àga, mo ń mi orí bí ẹni tó ń ronú nípa orílẹ̀-èdè. Ipò akọ̀wé náà gan-an, wọn ò dìbò yàn mí sí i. Richard tó ń tẹ ìwé ní yíǹkì wà lọ́wọ́ òun. Dùnsìn tó ń ran ìwé ní òun ò mọ Gẹ̀ẹ́sì ńlá. Bushrat tó ń yẹ ìwé wò kí ó tó wọ inú ẹ̀rọ ní lẹ́tà tí òun ń kà lójúmọ́ ti tó òun. Ló bá ku èmi tí mò ń to pépà sínú páálí. Wọ́n ní, "Baba, ẹ̀yin ni àgbà." O mọ̀ pé tí wọ́n bá ti fẹ́ gbé ẹrù lé èèyàn lórí, ìgbà náà ni wọ́n máa ń rántí pé àgbà ni.

Ìpàdé wa kò le. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni, kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ ariwo. Èmi gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, a sọ̀rọ̀ kàlẹ́ńdà tí àwọn ìjọ fẹ́ kí a tẹ̀ fún ọdún tuntun, Richard ṣe Oore-ọ̀fẹ́, Bushrat ka Fátíà tirẹ̀, Ọ̀gá jáde lọ ṣí iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ìpàdé gan-an ń bẹ̀rẹ̀. O mọ̀ wá. Ìpàdé wa, ìkarahun ìgbín ni. Ẹran inú rẹ̀, lẹ́yìn Oore-ọ̀fẹ́ la máa ń jẹ ẹ́. Ohun tí a bá sì sọ lẹ́yìn Oore-ọ̀fẹ́, kì í wọ ìwé.

Tí mo bá ti pa fóònù, fúnra rẹ̀ ló ń fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo wa, títí dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá. Iṣẹ́ akọ̀wé ti dùn jù!

Yorùbá tí o kọ sí mi kẹ́yìn dà bíi túwó tí kò jinná. Kọ ọ́ gùn sí i, kí ó lè jinná. Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá o ń jẹun. Mo ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wà nínú fọ́tò rẹ ti dáhùn. Òun ni yóò ya àwòrán ìwé yìí fi ránṣẹ́. Kò ní kà á. Ó ní ìkọ̀wé mi dà bí ibi tí adìyẹ ti ń jà.

Èmi ni bàbá rẹ,
Adéríbigbé, Akọ̀wé Àgbà (fúnra mi ni mo fi jẹ oyè náà).


Cardiff.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án, 2025.

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú oyè. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí òjò ti ń rọ̀ láti àná. Ẹ sọ fún Màmá pé mò ń jẹun. Ẹ sì fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi sílẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún un kà, mo fi ẹ̀rín sílẹ̀. Bàbá, ṣé ẹ sọ fún wọn pé fóònù yẹn ń gbọ́? Mi ò ní pé ó wà lórí tábìlì. Ó ń gbọ́, ó ń kọ, ó sì ń kó ohùn wọn pamọ́ síbi tí ẹnikẹ́ni nínú yín ò mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa fún yín. Ẹ mọ̀ pé níbi iṣẹ́ mi, à ń bá àwọn tí kò nílé wá ibi tí wọ́n á forí pamọ́ sí. Ọ̀gá wa mú irú akọ̀wé yẹn wọlé. Tí a bá ti ń ṣèpàdé lórí kọ̀ǹpútà, á kàn yọjú, á jókòó láàárín wa bí àlejò tí kò sẹ́ni tó pè é. Ọ̀gá bi wá lẹ́ẹ̀kan pé, ṣé ẹnikẹ́ni wà tí kò fẹ́? Gbogbo wa wà níbẹ̀, òun náà sì wà níbẹ̀. Ta ló máa nawọ́? Èmi tí ìwé ìgbélùú mi so mọ́ iṣẹ́ yìí? A dákẹ́. Ó ní a ti gbà nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, obìnrin kan lára wa sọ ọ̀rọ̀ àìsàn ọmọ rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó bá a nínú àkọsílẹ̀, láàárín ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilé àti ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ó sunkún ní ilé ìdáná wa. Èmi ni mo bá a po tíì.

Mo bẹ yín, ẹ bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ní gbangba. Tí Richard bá sì ti ń ṣe Oore-ọ̀fẹ́, ẹ pa á. Bọ́tìnnì pupa yẹn náà lẹ máa tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Mi ò rántí bóyá mo fi ìyẹn hàn yín lọ́jọ́ tí mo ń ṣàlàyé.

Ọmọ yín,
Lọpẹ́.


Enugu Road, Sabon Gari.
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹsàn-án, 2025.

Lọpẹ́ Olóyìnbó,

Mo gba ìwé rẹ. Yorùbá rẹ ti ń jinná. Ó ku iyọ̀.

Mo ti bi wọ́n. Lánàá, mo dìde, mo húkọ́ díẹ̀ bíi pásítọ̀, mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, fóònù yìí ń gbọ́ o. Ṣé ó ni ẹnikẹ́ni lára?" Richard ń wo bàtà rẹ̀. Dùnsìn ń wo Richard. Bushrat ní, "Baba, ẹ̀yin lẹ mọ̀." Ọ̀gá Bartholomew ní, "Papa, continue." Ó tán. Wọ́n gbà.

Èyí tí o ní kí n máa bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣé ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni? Kí n máa mú Richard lọ sẹ́yìn ilé, kí n ní, "Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ kí fóònù gbọ́ ọ?" Àwọn ará àdúgbò á rò pé mo fẹ́ yá nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣé o ti gbàgbé ilé tí a ti tọ́ ọ ni? Ògiri yàrá wa kò dé òkè àjà. Bí Màmá Praise bá sín ní yàrá kẹta, àwa là ń sọ pé pẹ̀lẹ́. Gbogbo ilé ló mọ ọjọ́ tí a jẹ ẹran. Ta ló bi wá léèrè? Síbẹ̀ a là á já, ìwọ náà sì dàgbà, o di ẹni tó ń kọ́ bàbá rẹ ní bí wọ́n ṣe ń bi èèyàn léèrè.

Ìyá rẹ ní kí o wọ ẹ̀wù òtútù. Èmi ní kí o má bẹ̀rù àga tó bá dún; kì í ṣe gbogbo ohun tó dún ló jẹ́ ewu.

Bàbá rẹ,
Akọ̀wé Àgbà.


Cardiff.
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹwàá, 2025.

Bàbá mi,

Ẹ kú àárẹ̀ àná o. Mo ti wọ ẹ̀wù òtútù.

Haba, Bàbá! Ta ló máa dìde níbẹ̀ tó máa wo ojú yín, tó máa ní rárá? Èmi tí ẹ bí, mi ò sọ ọ́ fún yín rí. "Ẹ̀yin lẹ mọ̀" tí Àǹtí Bushrat sọ yẹn, rárá ni, lẹ́nu ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Èmi náà máa ń sọ ọ́ nígbà tí ẹ bá ní kí n wá fa irun funfun yín tu lójú oorun.

Ẹ tún sọ ti ògiri. Màmá Praise mọ̀ pé ògiri ò dé òkè. Tí ó bá ní ọ̀rọ̀ ńlá láti sọ, á fi ohùn sílẹ̀, tàbí kó jáde lọ sọ ọ́ nídìí kànga. Ó mọ ibi tí etí wà. Àwọn ti ilé ìtẹ̀wé yín ò mọ̀ ọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kíákíá.

Lọpẹ́.


Cardiff.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹwàá, 2025.

Bàbá mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Ẹ kì í pẹ́ báyìí kí ẹ tó bú mi padà. Mo pe Màmá. Wọ́n ní ẹ ti fi fóònù sínú agolo gaàrí, ẹ dé e, ẹ gbé òkúta lé e. Mo ní kí ló dé. Wọ́n ní, "Bi bàbá rẹ, èmi ò lọ ìpàdé." Tí mo bá ti ṣẹ̀ yín pẹ̀lú ìwé mi tó kọjá, ẹ má bínú. Ẹ ṣáà kọ nǹkan, kó tiẹ̀ jẹ́ èébú.

Lọpẹ́.


Enugu Road, Sabon Gari.
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹwàá, 2025.

Tolúwalọpẹ́,

O ò ṣẹ̀ mí. Ọ̀rọ̀ ló dé.

Ní ọjọ́ Ajé, ìyẹn ọjọ́ kejì tí o kọ ìwé rẹ nípa ògiri, a ṣèpàdé. Richard ṣe Oore-ọ̀fẹ́, Bushrat ka Fátíà, Ọ̀gá jáde lọ síwájú. Èmi náà jáde lọ ra kósáì, àkàrà àwọn Hausa, fún gbogbo ilé. Mo gbàgbé fóònù sórí tábìlì, ó ṣì ń gbọ́.

Mi ò tíì dé igun òpópónà, ni Bushrat bá jókòó, ó sọ fún Richard àti Dùnsìn pé nǹkan funfun kan ti bo ẹyinjú ọ̀tún òun. Ó ti lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni, kì í ṣe iṣẹ́ abẹ tó le. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á láti gbàyè nígbà kàlẹ́ńdà, nítorí ojú ni iṣẹ́ rẹ̀. Òun ló ń yẹ orúkọ òkú wò nínú ìwé ìsìnkú, àti orúkọ ọkọ àti ìyàwó. Tí Ọ̀gá bá gbọ́ pé ojú kan ló ń lò, á wá ẹlòmíràn. Ó ní kí wọ́n bá òun bò ó títí kàlẹ́ńdà á fi jáde. Àwọn méjèèjì ní àwọn gbọ́.

Mo padà dé pẹ̀lú kósáì gbígbóná, mo rí fóònù, mo tẹ̀ ẹ́, ó kú. Ó sì ṣe ohun tó máa ń ṣe.

O mọ̀ pé ní ìsàlẹ̀ àkọsílẹ̀, ó máa ń kọ iṣẹ́ tó kù fún oníkálùkù. Èyí ni ohun tó kọ lọ́jọ́ náà, mo yí i sí Yorùbá fún ọ: Richard yóò máa bá Bushrat ka ìwé tí lẹ́tà rẹ̀ kéré. Bushrat yóò lọ ṣe ojú lẹ́yìn kàlẹ́ńdà. Gbogbo òṣìṣẹ́ yóò rí i pé Ọ̀gá Bartholomew kò gbọ́.

Ó fi ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Bartholomew.

A ṣì ń jẹ kósáì nígbà tó wọlé, fóònù lọ́wọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Everybody get work for this paper," ó ní. "My own work na make I no hear. I don fail am."

Ní ọjọ́ mìíràn, èmi ni n bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yẹn, mo gbé kósáì kalẹ̀. Bushrat fi etí híjáàbù nu ọwọ́ rẹ̀, ó dìde. Kò wo Ọ̀gá. Èmi ló ń wò. "Baba," ó ní, "nígbà wo lẹ bi mí?" Ó mú báàgì rẹ̀, ó lọ sílé wọn ní Gwagwarwa. Kò tíì padà wá.

Ọ̀gá kì í ṣe ìkà. Lọ́dún tó kọjá, nínú ìwé ìsìnkú kan, a tẹ orúkọ àbúrò tó wà láàyè sí ipò ẹ̀gbọ́n tó kú, àbúrò fúnra rẹ̀ ló sì wá gba ìwé. Láti ìgbà náà ni lẹ́tà ti ń ba Ọ̀gá lẹ́rù. Ó ti ní kí Richard bá òun wá ẹni tí ojú rẹ̀ méjèèjì pé. Richard ò tíì wá a. Ó ń rìn kiri bí ẹni tó ń wá a.

Ta ni kí n bá wí? Ìwọ lo fi ẹ̀rọ náà ránṣẹ́. Ìwọ náà lo kọ ọ́ pé o ò rántí bóyá o fi bí wọ́n ṣe ń pa á hàn mí. To, ó ti hàn báyìí. Àgbàlagbà kò lè máa rántí bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ tó bá gbọ́n ní láti mọ̀ pé ìpàdé ti tán.

Adéríbigbé,
akọ̀wé tẹ́lẹ̀.


Cardiff.
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹwàá, 2025.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ kú ìdààmú. Mo kà á, mi ò lè jẹun alẹ́, ẹ má sọ fún Màmá.

Ẹ̀bi mi ni. Mi ò ní jiyàn. Mo fi nǹkan sọ́wọ́ yín, mi ò kọ́ yín parí. Mo mọ bó ṣe rí níbí, mo rí obìnrin tó sunkún ní ilé ìdáná, síbẹ̀ mo fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sílé nítorí mo fẹ́ kí iṣẹ́ rọ̀ yín lọ́rùn. Àǹtí Bushrat ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà lọ́dún tí mo jáde ilé-ìwé. Tí mo bá ṣi lẹ́tà tẹ̀, wọ́n á ní, "Lọpẹ́, ojú mi ni mo fi ń jẹun o, má fọ́ ọ." Mo ti kọ̀wé sí wọn. Mo tọrọ àforíjì. Mo ní èmi ni mo fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sọ́wọ́ àgbàlagbà tí kò mọ̀ ọ́n lò, kí wọ́n má bínú sí yín.

Nǹkan míì tún ṣẹlẹ̀. Láàárọ̀ yìí, mo lọ bá ọ̀gá wa, èmi nìkan. Mo sọ ìtàn yín fún un, láì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo ní bàbá mi gbàgbé ẹ̀rọ kan sórí tábìlì, obìnrin kan sì fẹ́ torí rẹ̀ pàdánù iṣẹ́. Mo ní tí o bá bi wá níwájú ara wa, o ò tíì bi wá. Ó ní òun máa rò ó. Mi ò mọ̀ bóyá mo ti ba ara mi jẹ́.

Bàbá, ẹ lọ sí Gwagwarwa. Ẹ má gbé àwàdà dání. Ẹ bi Àǹtí Bushrat ohun tí wọ́n fẹ́, kí ẹ sì ṣe é. Ẹ yọ àkọsílẹ̀ yẹn kúrò nínú fóònù yín, kí Ọ̀gá àti àwọn tó kù yọ ọ́ kúrò nínú tiwọn. Ìyẹn ò lè yọ ọ́ kúrò lọ́kàn wọn, ṣùgbọ́n ẹ yọ ọ́.

Lọpẹ́ tó jẹ̀bi.


Cardiff.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kọkànlá, 2025.

Bàbá mi,

Ẹ tún ti dákẹ́. Mi ò ní bínú, mo ní ìròyìn ayọ̀.

Wọ́n ti yí i padà níbi iṣẹ́ wa. Kí ìpàdé tó wáyé, a máa bi oníkálùkù lọ́tọ̀, láì sí ọ̀gá níbẹ̀. Tí ẹnì kan ṣoṣo bá ní rárá, ẹ̀rọ ò ní wọlé, wọn ò sì ní sọ ẹni tó kọ̀. Nínú ìpàdé àkọ́kọ́, ẹnì kan kọ̀. Ọ̀gá mú bírò, ó ń kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Kò ka ọ̀rọ̀ mi sí àrífín. Ó ní kí n kí bàbá mi. Ó ní ìgbàgbé yín ti ṣe wá lóore.

Àǹtí Bushrat náà ti dá mi lóhùn. Gbólóhùn kékeré ni: "Lọpẹ́, mo gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ. Ìwọ kọ́. Bi bàbá rẹ."

Bàbá, kí ni kí n bi yín?

Lọpẹ́.


Enugu Road, Sabon Gari.
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kọkànlá, 2025.

Tolúwalọpẹ́ Àbẹ̀kẹ́, ẹni tó lọ bá ọ̀gá òyìnbó sọ̀rọ̀ lóun nìkan,

Mo kí ọ. Ìyá rẹ kí ọ, ó jó díẹ̀ nígbà tí mo ka ìròyìn rẹ fún un. Ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ wà nísàlẹ̀ pátápátá. Má fò lọ síbẹ̀. Mo mọ̀ ọ́.

Mo lọ sí Gwagwarwa. Ìyá rẹ bá mi wọ kẹ̀kẹ́ adaidaita ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó jókòó tì mí bí ọlọ́pàá. Bushrat wà níta ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà, ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ojú tó dára lè rí i. Ó kí wa dáadáa, sannu da zuwa, ẹ káàbọ̀. Ó gbé àga fún ìyá rẹ. Èmi, ó fi ògiri hàn mí. Mo fara ti ògiri.

Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwàdà, mo ní, "Bushrat, ojú ọ̀tún rẹ nìkan ló ń bínú sí mi àbí méjèèjì?" Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ wò mí. Mo bá sọ ohun tí mo bá lọ. Ohun tí mo sọ yẹn ni ìdáhùn tí mo ní ó wà nísàlẹ̀.

Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó ṣa ẹ̀wà fún ìgbà díẹ̀ sí i. Mo ní, "Mo fẹ́ lọ bá Ọ̀gá, kí n bẹ̀ ẹ́, kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ojú rẹ fún un, kó gbà ọ́ padà."

Ó gbé igbá ẹ̀wà sílẹ̀. "Haba, Baba! Ẹ tún fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ mi lọ fún un? Ẹ gbé e lọ lẹ́ẹ̀kan, mi ò rán yín. Ẹ kọ́kọ́ bi mí ná."

Mo bi í. Mo ní, "Bushrat, kí lo fẹ́ kí n ṣe?" Mo sì dúró. Àṣé ó ṣòro láti bi èèyàn kí a sì dákẹ́ de ìdáhùn! Ẹnu mi ń yún mi.

Ó ní, "Kí ẹ má ṣe nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ mi ni. Èmi ni màá sọ ọ́ fún un, bí mo ṣe fẹ́ kó gbọ́ ọ."

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó wá. Ó bá Ọ̀gá wọ yàrá ẹ̀yìn, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mi ò mọ ohun tí wọ́n sọ. Mi ò bèèrè. Kọ èyí sílẹ̀, nítorí kò tíì ṣẹlẹ̀ láyé mi rí. Nígbà tí wọ́n jáde, Ọ̀gá sọ fún Richard pé kó má wá ẹnikẹ́ni mọ́. Richard ní òun ti wá a títí, òun ò rí. Irọ́ tó dára jù tí mo gbọ́ lọ́dún yìí.

Wọ́n ti ṣe ojú náà. Ó lọ dáadáa. Dókítà ní kó fara balẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló lè so Bushrat mọ́lẹ̀? Ó padà wá lọ́jọ́ Ẹtì pẹ̀lú awò dúdú bíi ti olórin. Dùnsìn ń ka orúkọ sókè fún un, ó ń ní, "Padà sẹ́yìn, tún ìyẹn kà." Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Baba, àṣé bẹ́líìtì yín ti gbó tó báyìí! Ojú àtijọ́ yẹn ló ń bá yín bò ó." Inú mi dùn sí èébú yẹn ju oyè akọ̀wé lọ. Kàlẹ́ńdà ìjọ wa ti jáde. Orúkọ alàgbà kankan kò ṣì.

Gbogbo wa ti yọ àkọsílẹ̀ náà. Ọ̀gá fi tirẹ̀ han Bushrat kó tó yọ ọ́. A tún sọ ọ̀rọ̀ fóònù. Lọ́tẹ̀ yìí, Dùnsìn ni wọ́n ní kó bi oníkálùkù, kì í ṣe èmi, nítorí kò sẹ́ni tó bẹ̀rù Dùnsìn. Ẹnì kan kọ̀. Kò yẹ ká mọ ẹni náà, ṣùgbọ́n Richard fúnra rẹ̀ wá wo ojú mi, ó ní, "Baba, èmi ni. Mi ò fẹ́ ẹ." Ó kù díẹ̀ kí n gbá a mọ́ra. Nítorí náà, pẹ́ńsùlù ni mo fi ń kọ ìpàdé báyìí. Àkọsílẹ̀ mi kò tó ìdajì ojú ewé, Bushrat sì ti rí àṣìṣe nínú rẹ̀.

To. Ìbéèrè rẹ.

Ìwọ kò jẹ̀bi, Lọpẹ́. O fi bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ náà àti bí wọ́n ṣe ń pa á hàn mí lọ́jọ́ kan náà. Ìwọ lo gbàgbé pé o fi hàn mí. Èmi ò gbàgbé. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé kì í ṣe ìgbàgbé.

Lọ́jọ́ Ajé yẹn, kí n tó jáde, mo wo fóònù. Iná pupa rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Mo fi sílẹ̀. Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n lórí pépà láti ìgbà díẹ̀, mo sì máa ń wọlé bá wọn kí wọ́n dákẹ́. Mo rò pé wọ́n ń sọ pé ó tó àkókò kí Ọ̀gá ní kí n máa lọ sílé. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa mi bí mi ò bá sí níbẹ̀. Mo pẹ́ lọ́dọ̀ oníkósáì kí wọ́n lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbàgbé ni pé ẹ̀rọ náà yóò fi ránṣẹ́ sí Ọ̀gá.

Ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí Bushrat ti lọ, mo gbé fóònù sétí, mo gbọ́ gbogbo ohun tó ká sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọn ò dárúkọ mi rárá.

Bàbá rẹ,
Adéríbigbé.